Ilẹ̀ Abẹ́ Yàrá Ìyá Ọkọ Mi

Ìfọ́n ni wọ́n ti bí mi, Ìlobù ni mo lọ́kọ sí. Ẹni tó bá mọ ìlú méjèèjì mọ̀ pé ìrìn àárín wọn kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń di ẹrù fún. Bí mo bá gbé ọbẹ̀ kaná nílé ọkọ, tí mo rántí pé irú ti tán, mo lè dé ọ̀dọ̀ ìyá mi kí n sì padà kí ẹran tó rọ̀. Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa kò ní yé ẹni tí kò bá mọ bí ilé méjèèjì ṣe súnmọ́ra tó. Ohun tó mi ilé ọkọ mi tìtì ni mò ń sọ, tí kò sì mi ewé lórí igi nílé bàbá mi.

Ìgbà ọyẹ́ ni, ní ọdún kejì tí ilé-ìwé ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọkọ mi ti wọ bọ́lẹkájà lọ sí Òṣogbo níbi tó ti ń ránṣọ. Mo jókòó sí ìdí òfì mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mò ń hun kíjìpá. Òwú ni mo fi kọ́kọ́ mọ̀. N kò tíì fọwọ́ kàn án tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, bí oyin tó wà nínú ihò igi. Mo rò pé ọkọ̀ ńlá kan ló ń kọjá lójú títì. Lẹ́yìn náà ni àpótí tí mo jókòó lé yẹ̀ lábẹ́ mi, bí ìgbà tí wọ́n bá fa ẹní lábẹ́ ẹni tó sùn. Àwọn ìkòkò omi ń kan ara wọn. Erùpẹ̀ ń dà láti àjà sí mi lọ́rùn. Kí n tó pe orúkọ Ọlọ́run tán, ó ti parí.

Ohun tó tẹ̀ lé e ni mo rántí jù. Adìẹ kan kò ké. Ewúrẹ́ kò ké. Àwọn ọmọ tó wà lágbàlá dúró síbi tí wọ́n wà; wọn kò sunkún, wọn kò sì sá. Gbogbo agbo ilé pa lọ́lọ́, bí ilé tí àwọn onílé ti kó kúrò níbẹ̀ láti ọjọ́ tó pẹ́.

Ìyá ọkọ mi jáde láti yàrá wọn. Bùútà wà lọ́wọ́ wọn, nítorí pé wọ́n fẹ́ ṣe àlùwàlá kí wọ́n tó kí ìrun ìyálẹ̀ta. Wọ́n wò mí títí.

"Ìyàwó, ṣé ìwọ lo pè mí?"

"Rárá, Ìyá. Èmi kọ́ ni mo pè yín."

"Ẹnì kan pè mí." Wọ́n wo ibi tí ẹsẹ̀ wọn tẹ̀. "Láti ìsàlẹ̀ ni."

Ó yẹ kí n sọ nípa yàrá náà. Bàbá ọkọ mi ti kú kí wọ́n tó gbé mi wọlé, inú yàrá yẹn ni wọ́n sì sin wọ́n sí, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ilé ṣe ń ṣe nígbà náà. Wọ́n fi ìgbẹ́ màlúù àti ewé pa ilẹ̀ ibẹ̀ títí tó fi ń dán. Ìyá ọkọ mi kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wọn sun ibẹ̀. Ẹ̀bá ibi tí wọ́n sin ọkọ wọn sí ni wọ́n ń tẹ́ ẹní sí, wọ́n á kí i ní àárọ̀, wọ́n á sì kí i kí wọ́n tó sùn, bí wọ́n ṣe ń kí i nígbà tó wà láyé. Kò sí ẹni tó rí ohun àjèjì nínú ìyẹn. Èmi náà kò rí i.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo lọ sí Ìfọ́n láti wo bí ó ṣe rí fún ìyá mi. Mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń sá èlùbọ́ sórí àpáta. Orí àpáta ni ilé bàbá mi wà. Gbogbo ẹ̀yìnkùlé wa jẹ́ òkúta kan ṣoṣo tó tẹ́jú, tí a máa ń yọ̀ tẹ̀ẹ́rẹ́ lórí rẹ̀ nígbà tí a wà lọ́mọdé.

"Ẹ kú ewu, Ìyá," mo wí, mo kúnlẹ̀. "Ṣé kò sí ohun tó wó níbí?"

"Ewu kí ni? Kí ni ì bá wó?"

"Ilẹ̀ tó mì láàárọ̀."

Ìyá mi fi èlùbọ́ sílẹ̀, wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn mí lọ́rùn. "Ara rẹ kò gbóná," ni wọ́n wí. Wọ́n pe aládùúgbò wọn, wọ́n bi í bóyá ilẹ̀ mì. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti wà lórí àpáta yẹn láti ìgbà tí oòrùn ti yọ, òun ń ka ewé ẹ̀kọ, kò sí ewé tó fò. Ìyá mi wò mí láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Àbí o ti lóyún?"

Mo ti lóyún lóòótọ́, ó sì ti tó oṣù mélòó kan, ṣùgbọ́n oyún kọ́ ló mi ìkòkò omi. Nígbà tí mo ń padà lọ sí Ìlobù, mo rí i pé ilẹ̀ tí mò ń tẹ̀ ni mò ń wò. N kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Mò ń rò pé ibì kan gbọ́dọ̀ wà lójú ọ̀nà yìí, tí ilẹ̀ tó ń mì ti parí, tí ilẹ̀ tí kì í mì sì bẹ̀rẹ̀, àti pé mo ti ń rékọjá rẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti lọ́kọ láìmọ̀.

Láti ọjọ́ náà, ilé wa kò rí bákan náà mọ́. Ògiri yàrá ìyá ọkọ mi là láti ìsàlẹ̀ dókè, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tí èèrà ń gbà kọjá. Nígbà mìíràn, láìsí ọkọ̀ tó ń kọjá, tí ẹnikẹ́ni kò sì gún nǹkan, omi inú bùútà wọn á máa gbọ̀n. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi etí lélẹ̀. Mo bá wọn bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sán kan, wọ́n dùbúlẹ̀ gbalaja, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn wà lórí ilẹ̀ dídán yẹn, ojú wọn là sílẹ̀.

"Wá gbọ́," ni wọ́n wí.

N kò fẹ́ gbọ́, ṣùgbọ́n ènìyàn kì í kọ̀ sí ìyá ọkọ lẹ́nu. Mo fi ọwọ́ ti inú mi, mo dùbúlẹ̀ fẹ̀gbẹ́, mo fi etí lélẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, n kò gbọ́ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ọ: ó dà bí ẹni tó ń lọ ata nínú agbo ilé mìíràn, tó ń lọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tí kò kánjú. Mo gbé etí kúrò, kò sí mọ́. Mo gbé e padà, ó ṣì ń lọ ọ́.

"Ẹ̀jẹ̀ ara mi ni mò ń gbọ́, Ìyá," mo wí.

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀," wọ́n dáhùn. Wọn kò gbé orí sókè.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà kí àwọn ayẹlẹ̀wò tó dé. Ọkùnrin kan ló ṣáájú wọn, ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, a mọ̀ ọ́n nínú ohùn rẹ̀. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ga, ó sì máa ń tẹ orí ba bí ẹni tó ń wá owó tó sọnù. Ìjọba ló rán an, òun àti àwọn lébìrà méjì tí wọ́n ru irin àti àpótí. Ó dọ̀bálẹ̀ fún baálé ilé wa. Àwọn àgbà ti jókòó sábẹ́ igi ìyeyè, kò sì sí ẹni tó fún un ní àga.

"Ọmọ mi," ni baálé wí, "ṣé ààlà lẹ wá pa? Bí ààlà bá ni, ẹ tètè sọ ọ́, kí a lè mọ irú ìjókòó tí a ó jókòó."

"Kì í ṣe ààlà, bàbá. Ilẹ̀ tó mì la wá wò."

"Ta ló sọ fún yín pé ilẹ̀ wa mì?"

"Òṣogbo náà gbọ́ ọ díẹ̀, bàbá. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ná ọjà láti ibí wá sọ pé ti àdúgbò yìí le jù. Àwọn ará Ìfọ́n ní àwọn kò gbọ́ rárá. Ìdí rẹ̀ la fẹ́ mọ̀. Ìjọba fẹ́ kọ́ ilé gíga ní Òṣogbo, wọ́n fẹ́ mọ bí ilẹ̀ gbogbo agbègbè yìí ṣe rí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀."

Àwọn àgbà wo ara wọn. Ọ̀kan bèèrè pé báwo ni ilẹ̀ kan yóò ṣe mì tí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò ní mì. Ọkùnrin náà wò yíká, ó rí mi, ó sì bẹ̀ mí pé kí n bá òun wá ẹ̀kọ tútù kan, àti ọmọ ọlọ, àti àwo pẹrẹsẹ kan. Mo kó wọn wá. Ó tú ẹ̀kọ kúrò nínú ewé, ó gbé e sí apá kan àwo, ó gbé ọmọ ọlọ sí apá kejì. Ó wá fi ìka gbá ìdí àwo náà pẹ̀lẹ́. Ọmọ ọlọ dúró. Ẹ̀kọ gbọ̀n, ó gbọ̀n, lẹ́yìn tí ọwọ́ ọkùnrin náà ti kúrò ó ṣì ń gbọ̀n.

"Ìgbá kan náà ni mo gbá àwọn méjèèjì," ó wí. "Ilé tó wà lórí ọlọ kò ní mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀."

Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín. Baálé ni ẹni tó kọ́kọ́ dákẹ́. Wọ́n ń wo ẹ̀kọ yẹn. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí a wá àga wá fún àlejò.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ni wọ́n ń kó irin wọn sí, nítorí pé ó fẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rí iṣẹ́ wọn lójoojúmọ́. Wọ́n ní irin gígùn kan tó lọ́ bí ìwo àgbò. Àwọn lébìrà á máa yí i wọ inú ilẹ̀, wọ́n á fà á yọ, ọ̀gá wọn á sì fọwọ́ ra erùpẹ̀ tó bá bọ̀, á gbọ́ òórùn rẹ̀, nígbà mìíràn á tọ́ ọ wò. Wọ́n tún ní irin pẹrẹsẹ kan tí wọ́n ń fi òòlù ńlá lù. Àpótí kan á wà lókèèrè tí wáyà so mọ́, abẹ́rẹ́ kan wà nínú rẹ̀ tó ń fi tàdáwà fa ìlà sórí bébà. Bí òòlù bá bà, abẹ́rẹ́ á fò.

Ó wá bi mí léèrè ohun tí mo rí lọ́jọ́ tí ilẹ̀ mì. Ó ń bi gbogbo ènìyàn: kí ló ṣubú, apá ibo ni omi dà sí, ṣé ẹ jókòó ni tàbí ẹ dúró. Nígbà tí mo sọ ti òwú tó ń kùn fún un, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n jókòó sí ìdí òfì, kí n fọwọ́ lé òwú. Wọ́n lu irin ní òpin agbo ilé. Mo gbọ́ ọ ní ìka mi, ó sì pẹ́ kó tó tán, bí ohùn tó ń bọ́ sínú kànga.

"A ti lu irú èyí lórí àpáta Ìfọ́n lánàá," ó wí. "Níbẹ̀, ó dé, ó sì lọ. Níbí, ó dé, kò fẹ́ lọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn ba iṣẹ́ jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Mo kó òwú mi jọ.

Ní ọ̀sán kan, ó fẹ́ kí gbogbo agbo ilé dákẹ́ kí abẹ́rẹ́ lè fi bí ilẹ̀ ṣe rí hàn nígbà tí ẹnikẹ́ni kò bá rìn lórí rẹ̀. Baálé pàṣẹ. Wọ́n so ewúrẹ́ mọ́ òkèèrè. A kó àwọn ọmọ jáde. A jókòó, gbogbo wa, nínú oòrùn, a kò gún, a kò gbá, a kò sọ̀rọ̀. Mo jókòó nítòsí àpótí, mo ń wo abẹ́rẹ́. Mo rò pé yóò dúró. Kò dúró. Ó ń lọ sókè, ó ń lọ sísàlẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kò sì yà bàrá. Ọkùnrin náà tẹ̀ síwájú, ó wò ó pẹ́.

"Kí ni yẹn?" mo rọra bi í.

"Ó lè jẹ́ odò. Ó lè jẹ́ afẹ́fẹ́ tó ń fa gbòǹgbò igi." Ó nu ojú. "Ilẹ̀ rírọ̀ máa ń gba nǹkan láti ọ̀nà jíjìn."

Lẹ́yìn odi ilé wa ni irin ti kọ́kọ́ bá wọn ṣe ohun tí wọn kò retí. Níbi gbogbo ní Ìlobù, àwọn lébìrà á làágùn kí wọ́n tó lè yí irin náà wọlẹ̀, torí ilẹ̀ pupa líle kò jìnnà sókè. Lẹ́yìn ilé wa, ó ń wọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Wọ́n gbé e lé ilẹ̀, ó rì. Erùpẹ̀ tó bá a jáde dúdú, ó tutù, ó sì ń rùn bí ilé tí wọ́n ti pa ìlẹ̀kùn rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Èédú wà nínú rẹ̀, àti àpáàdì. Lẹ́yìn náà ni eyín. Mo rí i nígbà tí lébìrà fi omi ṣàn án: eyín ènìyàn, ó funfun, kò kẹ̀. Ọ̀dọ́ ni ẹni tó ni ín.

Kò sí ẹni tó pariwo. Wọ́n gbé e sórí ewé, wọ́n ránṣẹ́ pe baálé.

Níbikíbi tí irin bá ti rì bẹ́ẹ̀, ọ̀gá wọn ń kan èèkàn kan mọ́lẹ̀, ó sì ń so àkísà funfun mọ́ ọn. Ó ṣe é fún ọjọ́ díẹ̀. Mo ń bọ̀ láti odò ní ìrọ̀lẹ́ kan, mo dé ibi tí ọ̀nà ti ga, mo bá baálé níbẹ̀, wọ́n fi ọ̀pá tilẹ̀, wọ́n ń wo ìsàlẹ̀. Mo sọ omi kalẹ̀, mo kúnlẹ̀ kí wọn, èmi náà sì wò. Àwọn èèkàn náà kò kàn fọ́n káàkiri bí mo ṣe rò. Wọ́n tò. Wọ́n wá láti inú oko ẹ̀gẹ́, wọ́n gba ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí, wọ́n wọ agbo ilé wa, wọ́n sì yípo lọ bí apá ẹni tó gbá nǹkan mọ́ra. Mo wá ń ka àwọn ilé tí wọ́n gbà kọjá. Ilé tí ògiri rẹ̀ kì í dúró, bí wọ́n ṣe ń tún un mọ tó. Ilé tí àwọn ọmọ kì í fẹ́ sùn. Ilé obìnrin kan tó máa ń sọ pé àwọn kan ń rìn kọjá lábẹ́ òun, tí a sì máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àti tiwa.

"Yàrà," ni baálé wí.

Mo rò pé yàrá wọn ni wọ́n fẹ́ lọ, pé ó ti rẹ̀ wọ́n. Mo na ọwọ́ kí n lè mú wọn lọ sílé. Wọ́n mi orí.

"Kì í ṣe yàrá, ìyàwó. Yàrà ni mo wí. Yàrà ìlú, tí wọ́n gbẹ́ nígbà ogun. Bàbá mi sọ fún mi pé ó gba inú ilé wa kọjá. Kò fi ibẹ̀ hàn mí. Ó ní àwọn tó dí i kò fẹ́ kí á mọ̀ ọ́n."

"Kí ni wọ́n fi dí i, bàbá?"

"Gbogbo ohun tí ogun bá fi sílẹ̀," ni wọ́n wí. "Kí ènìyàn má baà tún padà wá wò ó."

Eyín náà, wọ́n sin ín padà. Àwọn tó ń kírun ṣe àdúà, àwọn tó ń bọ òrìṣà da omi tútù sílẹ̀, kò sí ẹni tó bá ẹnì kejì jiyàn. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà náà ṣí fìlà, ó dúró pẹ̀lú wa títí tó fi parí.

Ó ku yàrá ìyá ọkọ mi. Àárín àwọn èèkàn gan-an ló bọ́ sí. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà náà wá dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wọn, ó ní òun yóò fẹ́ yí irin wọ ilẹ̀ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré.

"Ọkọ mi ló wà níbẹ̀," ni ìyá ọkọ mi wí.

"Mo gbọ́, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. N kò ní fọwọ́ kàn án." Ó wo àpótí rẹ̀. "Ṣé ẹ ó jẹ́ kí n gbé àpótí síbẹ̀? Kò ní dá ilẹ̀ lu."

Wọ́n gbà. Wọ́n jókòó sórí ẹní wọn, wọ́n ń wo abẹ́rẹ́ tó ń fa ìlà. Ìlà náà ga ju ti ìta lọ. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, bí àyà ẹni tó sùn.

"Kí ló ń sọ?" ni wọ́n bi í.

"Kò sọ nǹkan kan, Màmá. Ó kàn ń mì ni."

Ìyá ọkọ mi rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ẹni tí wọ́n pa irọ́ kékeré kan fún nítorí ojú.

Kí ó tó lọ, ó pe ọkọ mi àti baálé sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní ilẹ̀ tó bá mì kì í pa ènìyàn, ògiri ló ń pa á. Ó ní bí ó bá tún mì, àwọn ilé orí yàrà ni yóò kọ́kọ́ wó, kí wọ́n má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sun yàrá tó ti là yẹn. Ọkọ mi kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Ó ra ilẹ̀ sí apá òkè, níbi tí irin kò ti lè wọlẹ̀ ju apá ènìyàn lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ilé. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kò gbà láti kó. Ó bẹ̀ wọ́n, baálé bẹ̀ wọ́n.

"Bí mo bá lọ, ta ni yóò máa kí i?" Ìdáhùn wọn kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo bí ọmọ mi nígbà òjò, ọkùnrin. Nígbà tó ti lè gbé ọrùn dúró, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi í sílẹ̀ fún ìyá ọkọ mi bí mo bá fẹ́ jáde, ẹní wọn sì ni ó máa ń sùn sí. Mo mọ ohun tí ọmọ Ìjẹ̀ṣà wí, n kò gbàgbé. Ṣùgbọ́n òjò ń rọ̀, yàrá náà móoru, ilẹ̀ kò sì tún mì láti ìgbà ọyẹ́. Ènìyàn kì í lè máa bẹ̀rù lójoojúmọ́.

Ọ̀sán ni. Mo gbé ọmọ sílẹ̀ tó ti sùn, mo lọ sí Ìfọ́n láti gba aṣọ kan lọ́wọ́ ìyá mi. A jókòó sórí àpáta lẹ́yìn ilé, a ń ṣa ẹ̀wà. Ìyá mi ń sọ ìtàn kan nípa ìyàwó tuntun tó wà ní agbo ilé kejì, mò ń rẹ́rìn-ín. Oòrùn yọ lẹ́yìn òjò. Ẹ̀wà wà nínú àwo níwájú mi, kò sí ọ̀kan tó yí nínú rẹ̀. Títí di òní, bí mo bá ń rántí, ìgbà yẹn ni mò ń wá: ìgbà wo nínú ẹ̀rín yẹn ni. N kò lè rí i. Kò sí ohun kan tó yí padà.

Ọkùnrin kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ bọ̀ láti Ìlobù ló sọ fún wa. Ó kí ìyá mi dáadáa kó tó wí pé, "Ilé ti wó lọ́hùn-ún o. Ilẹ̀ tún mì."

N kò mọ bí mo ṣe rìn. Mo mọ̀ pé mo ń sáré, àti pé ilẹ̀ le lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, ó dákẹ́, bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ náà. Mo dé ẹnu agbo ilé. Eruku ṣì wà lókè, kò fẹ́ balẹ̀. Àwọn ènìyàn dúró sójú ọ̀nà. Mo wo apá ibi tí yàrá ìyá ọkọ mi yẹ kó wà, mo rí páànù tó tẹ́ lélẹ̀, mo sì rí àwọn ilé tó wà lẹ́yìn rẹ̀ tí n kò lè rí láti ibẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹnì kan dì mí mú. Ó yí mi lójú padà sí igi ìyeyè.

Ìyá ọkọ mi jókòó sí ìdí igi náà. Ọmọ mi wà lórí itan wọn, ó ti jí, ó ń jẹ ọwọ́ ara rẹ̀. Mo gbà á. Mo tú u yẹ̀wò láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Kò sí erùpẹ̀ kankan lára rẹ̀.

"Báwo lẹ ṣe jáde, Ìyá?"

Omi dúró sí wọn lójú, ṣùgbọ́n ohùn wọn kò gbọ̀n.

"Ó dákẹ́," ni wọ́n wí. "Mo dùbúlẹ̀ ti ọmọ, mò ń gbọ́ ọ bí mo ṣe ń gbọ́ ọ láti ọjọ́ yìí. Ó wá dákẹ́. Mo kí i. Mo tún kí i. Kò dá mi lóhùn. Mo wò ó pé ilé tí kò ti sí ẹni tó ń dáni lóhùn, kì í ṣe ilé tí ènìyàn ń tẹ́ ọmọ ọlọ́mọ sí. Mo gbé e. A ò tíì jókòó tán níbí tó fi bẹ̀rẹ̀."

Kò sí ẹni tó kú. Ògiri wó lu bàbá kan lẹ́sẹ̀ ní ilé ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí, ẹsẹ̀ náà kò sì tọ́ mọ́ títí ọlọ́jọ́ rẹ̀ fi dé. Àwọn ilé tó wó, orí yàrà ni gbogbo wọn wà. Ilé tó wà ní ìgbésẹ̀ díẹ̀ sí èèkàn, a bá ẹyin adìẹ nínú igbá lórí àjà rẹ̀, kò fọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà náà padà wá. Ó rìn yí àlàpà ká, ó fi ọwọ́ kan èyí, ó fi ọwọ́ kan tọ̀hún, lẹ́yìn náà ó wá jókòó sílẹ̀ níwájú ìyá ọkọ mi, ó ní kí wọ́n sọ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ fún òun. Wọ́n sọ ọ́. Ó ní kí wọ́n tún un sọ.

"Kí ló mú un dákẹ́?" mo bi í.

"Ó lè jẹ́ pé omi òjò ti kún inú erùpẹ̀ ibẹ̀." Ó wo ilẹ̀ pẹ́. "Ó lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀. N kò mọ̀, n kò sì ní purọ́ fún yín."

Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ìdáhùn yẹn. A kò tún rí i mọ́ lẹ́yìn ọdún náà. A gbọ́ pé wọ́n ya àwòrán ilẹ̀ gbogbo agbègbè wa, pé wọ́n kun ibi líle ní àwọ̀ kan, wọ́n sì kun ibi rírọ̀ ní òmíràn. N kò fojú mi rí i.

A kó lọ sí ilé òkè. Ìyá ọkọ mi kò jiyàn mọ́, wọ́n ru ẹní wọn fúnra wọn. Ṣùgbọ́n oṣù àkọ́kọ́ ṣòro fún wọn. Wọ́n á fi etí lélẹ̀, wọ́n á gbé e sókè. "Ilẹ̀ ibí yìí kò ní nǹkan kan nínú," ni wọ́n sọ fún mi. Oorun kò kùn wọ́n. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí n jẹ́ kí ọmọ máa bá wọn sùn, kí wọ́n lè máa gbọ́ bí ó ṣe ń mí. Mo gbà. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń sùn. Wọ́n pẹ́ láyé, wọ́n rí òmìnira, wọ́n rí ọmọ náà tó wọ ilé-ìwé.

Baálé fi òfin dè é pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kọ́lé sórí yàrà mọ́. Wọ́n kó àlàpà kúrò, wọ́n gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ síbẹ̀, láti oko ẹ̀gẹ́ títí yípo. Ó so ju bí a ṣe rò lọ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí gbogbo ewéko bá gbẹ, ibẹ̀ nìkan ni yóò máa tutù, àwọ̀ ewé tó yí ká bí apá. Àwọn ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà tóbi, àwọ̀ wọn pupa díẹ̀ nínú. Àwọn kan kò jẹ wọ́n. Wọ́n ń kó wọn lọ tà ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, fún àwọn tí kò mọ ibi tó ti wá.

Èmi jẹ ẹ́. Ìyá ọkọ mi ló sè é fún mi, nígbà tí mo bí ọmọ kejì, wọ́n sì jókòó tì mí títí mo fi jẹ ẹ́ tán. Ó dùn.